Kíkí Tó Fẹ́ Ba Fọ́tò Orí Mọ́mì Jẹ́

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Òpópónà Ìrẹ̀pọ̀, Abúlé Adó,
Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Ọ̀wàrà, 2024.

Adéyọ̀sọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Ìṣẹ́yìn? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti jáwọ́ nínú ìjà? Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ pé mi ò gbé fóònù rẹ. Má bínú, Mọ́mì mi ló fẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Wọ́n gun àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù wọn pé kí wọ́n gbé páálí mílíìkì sọ̀kalẹ̀, ni wọ́n bá ṣubú, orí ni wọ́n sì fi sọlẹ̀. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan, wọ́n ṣì ń tajà. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bì, wọ́n ń pè mí ní Mọ̀nsúrát, àbúrò wọn. Ẹ̀rù bà mí, ọ̀rẹ́ mi! A gbé wọn lọ sí ọsibítù kan ní Festac. Dókítà Olúwafúnmilọ́lá ní àfi kí wọ́n fi ẹ̀rọ síkáànù ya fọ́tò inú orí wọn, kí òun lè mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dà síbẹ̀. Bó bá ń dà, iṣẹ́ abẹ kò gbọdọ̀ pẹ́.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. O mọ Mọ́mì mi, wọn kì í gbọ́ kíkí kí wọ́n má dáhùn. Ọláńrewájú tó ń ya fọ́tò náà sì jẹ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Ó wà lẹ́yìn gíláàsì, ohùn rẹ̀ ń gba inú ẹ̀rọ jáde: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Mà." Mọ́mì á gbórí sókè: "O ṣé o, ọmọ mi." "Ẹ kú ìfaradà, Mà." Orí tún dìde! Fọ́tò jáde, ó rí bàìbàì. Wọ́n tún un yà, bákan náà ni. Dókítà ní òun ò mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀ sí ibi tí orí ti mì, òun ò sì lè torí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ la orí ìyá oníyàá. Mo ní kí wọ́n fún wọn ní abẹ́rẹ́ oorun. Ó ní tí wọ́n bá sùn, a ò ní mọ̀ bóyá wọ́n ti dákú.

Mo wá bẹ Mọ́mì pé kí wọ́n má dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Háà! Pẹ̀lú orí fífọ́ náà, wọ́n ráyè bínú. "Mọ̀nsúrát, ṣé o fẹ́ kí n di aláìlẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ alẹ́ ni?" Ẹkún gbọ̀n mí. Ni mo bá sọ fún Ọláńrewájú pé ká kí wọn tán kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀. Àwa méjèèjì dúró tì wọ́n: ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ewu, ara á le o. Wọ́n dáhùn gbogbo ẹ̀ títí àwọn fúnra wọn fi ní ó tó. Ọláńrewájú fi tìmùtìmù há orí wọn lọ́tùn-ún lósì, ó so bẹ́líìtì mọ́ ọn níwájú, ó jáde, ó panu mọ́. Fọ́tò yẹn mọ́ kedere. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ náà lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà, Mọ́mì ò sọ̀rọ̀ mọ́. À ń kí wọn, wọn ò dáhùn. Mọ́mì mi! Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Níjẹta ni Ọláńrewájú yà wá wò wọ́n, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Mà."

Orí kúrò lórí ìrọ̀rí. "O ṣé o, ọmọ mi." Wọ́n wá yíjú sí mi: "Toyibat, ṣé ìwọ ti kí i?"

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ìbejì. Tó o bá wá, rọra jókòó tì wọ́n kó o tó kí wọn, torí wọ́n á gbórí sókè fún ọ.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ojú rẹ ń wù ú rí,
Toyibat.