Ẹnu Mi Níwájú Ọkọ̀

Ajé, 4 Oṣù Kẹjọ
Ọlidé rèé! Àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, èmi ń fi kóńgò gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń bí mi nínú. Ẹnu ni. Bàbá yìí ní kí n jókòó síwájú, kí n máa ròyìn gbogbo ohun tí mo bá rí bí a ṣe ń kó èrò sọdá odò. Ìtì igi. Koríko. Ọkọ̀ tó ń bọ̀. Bí mo bá dákẹ́ díẹ̀: "Wí, mò ń gbọ́." Mo ti sọ ọ́ lórúkọ — Wí-Mò-ń-Gbọ́.

Ọjọ́rú, 6
Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ro mí.

Àbámẹ́ta, 9
Àwọn onípákó gé igi ńlá tó na ẹ̀ka sórí omi níbi tí odò ti ṣẹ́ kọ́nà. Wí-Mò-ń-Gbọ́ kò sí níbẹ̀, ó lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀. N kò sọ fún un pé wọ́n ti gé e. Ṣé òun náà ò lójú ni?

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n tu ọkọ̀ wò. Ó ní ọmọ tí kò tíì mọ odò í wò, kí ló fẹ́ fi àjẹ̀ ṣe? Odò tí mò ń wò láti àárọ̀ dalẹ́!

Ajé, 11
Ó sú mi. Ọkọ̀ kún, Ìyá Télọ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lé itan, omi dákẹ́ rọ́rọ́. "Wí, mò ń gbọ́." Mo bá pariwo irọ́ pé màlúù ń wẹ̀ bọ̀ níwájú wa. Bàbá fi gbogbo agbára yí ọkọ̀, ẹ̀rọ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sómi. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bàbá yìí mọ eré ṣe. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó rọra bi mí pé, "Ṣé ó ti kọjá?"

Ìṣẹ́gun, 12
Mo sún kọ́ọ̀pù tíì rẹ̀ díẹ̀ láàárọ̀. Ó ń fọwọ́ wá a kiri orí tábìlì. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin ò ríran mọ́." Ó ní òun ń rí ìmọ́lẹ̀. Ó ní kí n má sọ fún bàbá mi, wọn á ní kí òun wá jókòó sílé bí ẹrù tí ẹnikẹ́ni ò wá gbà.

Inú bí mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Inú tún bí mi — ẹ̀mí èèyàn ló ń kó sọdá! Mo ní kí ó gbé àjẹ̀ fún mi, àbí kí n pe bàbá mi.

Ọjọ́bọ̀, 14
Ọkọ̀ ò kúrò ní èbúté.

Ẹtì, 15
Ó gbé àjẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó lọ jókòó síbi tí mo máa ń jókòó níwájú. "Èmi ni n óò máa wí. Ìwọ máa gbọ́." Koríko níhìn-ín, yanrìn lọ́hùn-ún — ó sì ń bá a mu! Orí ló fi mọ odò náà.

Nígbà tí a dé kọ́nà, ó na ọwọ́: "Igi ńlá nì rèé lápá ọ̀tún. Yà fún un."

Ìyá Télọ̀ ní, "Igi wo?" Mo yára dáhùn: "Mo ti rí i, Bàbá." Mo yà fún un.

Ó tẹ orí ba kí ẹ̀ka má bàa gbá a. Èmi náà tẹ orí tèmi ba.