Orúkọ Tí Ẹ Máa Ń Pè Nílé Onílé

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Òjò ń rọ̀ ní Oǹdó bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ti lọ sí ìpàdé ìjọ wọn, mo wá ráyè bá yín sọ̀rọ̀. Bàbá wà dáadáa. Wọ́n ti ń se ẹyin fúnra wọn báyìí, wọ́n sì máa ń gbàgbé rẹ̀ lórí iná. Ẹ̀wù funfun tí ẹ máa ń wọ̀ lọ sóde ìwádìí ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nílé wa ní Àkúrẹ́, kò sẹ́ni tó gbé e kúrò. Mo máa ń rántí bí ẹ ṣe máa ń ki bíró bọ inú ìborí yín, tí ẹ óò wá máa wá a kiri inú mọ́tò, tí èmi óò máa rẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín kí n tó sọ ọ́ fún Bàbá. Láti ìgbà tí mo ti wọlé sí yunifásítì níbí ni mo ti ń rò ó pé mi ò lè ṣe iṣẹ́ ìwádìí àìsàn tí ẹ ṣe. Ọmọ yín ni wọ́n ń pè mí ní kíláàsì. Olùkọ́ wa kan dá mi dúró lọ́jọ́ kan, ó ní ìwé yín ló jẹ́ kí òun mọ bí ìṣẹ́ ṣe máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ojú mi wálẹ̀. Mo ti ka ìwé yẹn, ìdajì rẹ̀ ni kò yé mi. Bàbá ti ní kí n bọ́ sí ẹ̀kọ́ ìṣirò owó kí ọdún kejì tó dé, mo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Sátidé yìí ni mo ṣèlérí pé màá fún wọn lésì.

Ẹ̀gbọ́n Dúpẹ́ tó ń bá yín ṣiṣẹ́ ló ń parí ìwádìí tí ẹ fi sílẹ̀ níbí, èyí tó dá lórí ìdí tí àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ òkè fi ń ṣàìsàn ju àwọn ọmọ orí òkè lọ, nígbà tó jẹ́ pé títì kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Lọ́sẹ̀ yìí, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Òun wọ ilé kan, èmi wọ èkejì. Ìyá kan ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n fún mi ní àpótí jókòó. Mo wá bèèrè bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní kíláàsì.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ mélòó lẹ ti bí? Mélòó ló kù?”

Ọwọ́ wọn dúró. “Ṣé ewúrẹ́ ni mo ń sìn ni, tí o fẹ́ bá mi kà wọ́n? Wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?”

Èdè Oǹdó ni wọ́n fi sọ ọ́, ó sì le ju bí mo ṣe kọ ọ́ yìí lọ. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń fọ aṣọ nítòsí bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá, ẹ fi í sílẹ̀ o jàre. Akọ̀wé ni. Kíkà ni iṣẹ́ wọn.”

Màmá, ẹ̀gàn tèmi kọ́ ló dùn mí. Ẹ̀yin ni wọ́n bú. Ta ló kọ́ mi nílé bí kì í bá ṣe ẹ̀yin?

Mo ti fẹ́ dìde. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọlidé kan tí ẹ mú mi dání wá sí Oǹdó. Inú mọ́tò ni mo wà, wọ́n sá kòkó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, òórùn rẹ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé. Mo ń gbọ́ ohùn yín láti ilé onílé. Ẹ ò bi ẹnikẹ́ni ní iye ọmọ. “Èmi ni ìyá Káyọ̀dé,” ohun tí ẹ kọ́kọ́ máa ń sọ nìyẹn, lẹ́yìn náà ni ẹ óò tó dárúkọ mi. Ẹ óò wá ní kí wọ́n dárúkọ àwọn ọmọ tiwọn, kí ẹ lè bá wọn kí àwọn ọmọ náà. Wọ́n á máa dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó bá wá kan èyí tó ti kú, ohùn wọn á lọ sílẹ̀.

Inú máa ń bí mi nígbà náà. Káyọ̀dé ti kú kí ẹ tó bí mi. A kì í pe orúkọ rẹ̀ nílé wa, Bàbá kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Ìyá àgbà ló sọ fún mi pé tíṣà ni yín nígbà náà, owó oṣù ò tíì jáde, Káyọ̀dé àti ọmọ onílé yín sì jọ ń mu omi kànga kan náà. Àwọn méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru. Wọ́n gbé ọmọ onílé sínú mọ́tò lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ̀yin pọn tiyín, ẹ fẹsẹ̀ rìn. Ọdún tó tẹ̀ lé e lẹ padà sí ilé-ìwé lọ kọ́ iṣẹ́ yìí.

Ṣé kí àwọn ìyá yẹn lè dárúkọ tiwọn lẹ ṣe máa ń kọ́kọ́ pe Káyọ̀dé? Àbí ilé onílé nìkan lẹ ti ń rí àyè pè é?

Mo padà jókòó. “Ẹ má bínú mà. Ìyá mi bí ẹnì kan ṣáájú mi, Káyọ̀dé lorúkọ rẹ̀. Mi ò bá a láyé.” Mi ò pe orúkọ yẹn síta rí.

Ìyá náà tún bó ẹ̀gúsí kan. “Fúnkẹ́ ni tèmi,” wọ́n ní. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tó dárúkọ àwọn tó wà láyé: èyí wà ní Èkó, èyí ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, èyí jẹ́ olórí kunkun bíi bàbá rẹ̀. Wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti ń pọnmi. Wọ́n sọ bí Fúnkẹ́ ṣe lọ. Mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ títí wọ́n fi parí.

“Ìyá ẹ ńkọ́?”

Mo ní wọ́n ti kú.

“Kí là ń pè é?”

Ṣé ẹ mọ̀ pé mi ò dárúkọ yín rí, Màmá? Ọmọ wo ló ń dárúkọ ìyá rẹ̀? Mo rọra sọ ọ́ bí ẹni tó ń jalè. Wọ́n tún un pè, wọ́n pè é mọ́ Fúnkẹ́ àti Káyọ̀dé, wọ́n ní kí Ọlọ́run tẹ́ gbogbo wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Wọ́n wá bu ẹ̀gúsí ẹ̀kúnwọ́ fún mi.

“Wọ́n kọ́ ẹ nílé ṣá,” wọ́n ní. “Ó kàn pẹ́ kó tó dé ẹnu ẹ ni.”

Ọkàn mi ò tíì balẹ̀, mi ò ní parọ́ fún yín. Ìdánwò ti sún mọ́lé, mo sì ń jí pẹ̀lú àyà jíjá. Ṣé àyà yín náà máa ń já lẹ́nu ọ̀nà onílé? Kí lẹ máa ń ṣe sí i?

Ní Sátidé, màá wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́. Màá sọ fún Bàbá pé mi ò kúrò nídìí iṣẹ́ yìí mọ́. Wọ́n á bi mí ohun tó yí mi lọ́kàn padà, ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n, wọ́n fẹ́ràn ìdí. Kò sì sí bí mo ṣe lè dáhùn láìdárúkọ Káyọ̀dé nínú ilé wa. Màá kọ́kọ́ bá wọn se ẹyin wọn. Lẹ́yìn náà, màá jókòó, màá sì pè é.

Ẹ dúró tì mí.

Ọmọ yín tí àárò yín ń sọ,
àbúrò Káyọ̀dé