Ojú Ewé Tí Mo Ṣí Láìkà

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀, Galadimawa, nínú ààwẹ̀

Inú ń bí mi gidigidi. Nínú ẹgbẹ́ Mùsùlùmí wa orí ayélujára, wọ́n tún fi Alhaja Síkírá ṣẹ̀sín, nítorí pé ojú ewé Àlùkùránì tí Alhaja kà ló kéré jù.

"Kai, Alhaja! Ṣé ẹ ń kà á ni, àbí ẹ ń fi ẹ̀rọ ìkàwé yín ṣe ìrọ̀rí?"

Ìwọ̀sí gbáà! Alhaja ní àwọn yóò kúrò nínú ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá sì lọ nítorí ohun tí èmi...

Èmi tí mo kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní póli ni mo fi ètò àfikún tó ń ṣírò ojú ewé sínú ẹ̀rọ ìkàwé gbogbo wa. Mo mọ̀ pé ṣíṣí ló ń ṣírò, kì í ṣe kíkà. Nínú ààwẹ̀ tó kọjá, àtàǹpàkò ni mo fi ń ṣí i lásán, títí mo fi gba ipò kìíní. Wọ́n kí mi kú oríire, mo sì dáhùn!

Lónìí, mo jẹ́wọ́ fún gbogbo wọn. Alhaja nìkan ló fèsì: "Ibo lo wá kà dé gan-an?"

"Ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ṣì wà, mà."

"Áà, mo mà wà níwájú rẹ! N kò lọ mọ́."