Orúkọ Mi Nínú Ìkéde Adó

Ilé Ajíbádé,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta, ọdún 2001.

Dúrójayé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Mo bẹ Olúwa kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú àlàáfíà ara, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé ọkàn kò tíì lè fúyẹ́. Ara tiwa náà le. Mojírádé ìyàwó mi kí ọ. Ó ní bí o bá fa lẹ́tà yìí ya, òun ò ní í gbè mí lẹ́yìn.

Ẹ kú ọ̀fọ̀ ìyá. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dára. Mo mọ̀ pé ìkíni yìí pẹ́. Mo gbọ́ pé o sọ fún àwọn ènìyàn ní Ìgbàrà-Odò pé Ajíbádé ti di ẹni ńlá, kò ka ìyá rẹ sí mọ́. Bí èmi bá jẹ́ ìwọ, ohun tí màá sọ á burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, gbọ́ tẹnu mi.

Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, àbúrò mi Olúrẹ̀mí fi rédíò kan ránṣẹ́ sí mi láti Lọ́ńdọ̀nù. Kò tóbi ju Bíbélì orí pẹpẹ lọ, ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì lójú ọ̀run ló ti ń gbọ́hùn. Èríà rẹ̀ pẹlẹbẹ bí ìdérí ìkòkò. Èèyàn á dojú rẹ̀ kọ ojú ọ̀run lápá ìlà-oòrùn; bí ewé kan bá dí i, ó dákẹ́ nìyẹn. O mọ̀ mí, ọ̀rọ̀ ayé dùn mọ́ mi. Nítorí rẹ̀ mo gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìnkùlé, wọn ò tíì pọ́n. Láàárọ̀ kí n tó lọ sílé-ìwé, èmi nìyí lórí àpótí, mò ń yí èríà kiri: Lọ́ńdọ̀nù, Nàìróbì, Parisi tí n kò gbọ́ èdè wọn. Mojírádé sọ mí lórúkọ, ó ní Ọkọ Sátẹ́láìtì.

Mo gbé rédíò mi àtijọ́ fún Bàbá Oyèkọ́lá tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mojírádé bi mí pé, "Ta ni yóò wá máa gbọ́ ìkéde òkú fún wa?" Mo fi í rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé rédíò tuntun yìí kò lè gbé ilé-iṣẹ́ rédíò Adó o. Irin kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a máa fà yọ fún un. Láti ọjọ́ tó ti dé, Dúrójayé, n kò fà á yọ títí ìyá fi lọ.

Ọ̀sẹ̀ tí ìyá lọ, ilé-ìwé wà nínú ìsinmi ráńpẹ́, Mojírádé sì ti lọ tọ́jú ọmọ wa tó bímọ ní Ìsẹ̀. Èmi nìkan ló kù nílé pẹ̀lú rédíò àti ọ̀rọ̀ ayé mi. Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Oyèkọ́lá di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Tíṣà, ẹ kú ìnáwó ìyá o. Ẹ mà tètè ti Ìgbàrà-Odò dé." Mo ní ìyá wo? Ó ní àárọ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi kéde rẹ̀ láti Adó, orúkọ mi ló ṣìkejì: kí Ọ̀gbẹ́ni Afọlábí Ajíbádé ní Ìkẹ́rẹ́ gbọ́ pé ìyá wọn, Màmá Comfort Bámigbóyè, ti sùn nínú Olúwa. Ìyá wọn. Ìwọ lo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Inú rédíò tí mo fi tọrẹ ni bàbá ti gbọ́ ọ. Mo bi í pé kí ló dé tí kò wá sọ fún mi. Ó ní, "Háà, Tíṣà! Rédíò tó ń gbọ́ Lọ́ńdọ̀nù, ṣé Adó níbí ni kò ní í gbọ́?"

Ní Fúráìdé tí ẹ ń sin ìyá, ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, tí mò ń gbọ́ bí òjò ṣe rọ̀ sí ní Kẹ́ńyà. Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Nígbà tí bàbá mi kú, tí èmi àti ìwọ ṣì wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìyá ló ń bọ́ mi ní gbogbo ìsinmi. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Afọlábí, wọ ulé wá jẹ uṣu, ìwé ò ní sá lọ." Wọn kò bu tìrẹ ju tèmi lọ rí, ìwọ náà sì máa ń bínú sí i.

Awakọ̀ tí mo rán sí ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ní o kò fèsì. Òun ló sọ fún mi pé nígbà tí àwọn ọmọ ń da erùpẹ̀ sí sàréè, o dá pásítọ̀ dúró, o ní ọmọ kan kù, pé ẹ sì dúró títí oòrùn fi rẹlẹ̀.

Mo ń bọ̀ ní Sátidé yìí. N kò wá ṣàlàyé, àlàyé ti tán sínú lẹ́tà yìí. Sáà fi sàréè hàn mí kí n da erùpẹ̀ tèmi. Bí o kò bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, padà wọlé, màá dá dúró níbẹ̀.

Kí Olúwa tu gbogbo yín nínú. A ò ní fi òkú ọ̀dọ́ ṣe é. Bí ìyá ṣe jẹun ọmọ kí wọ́n tó lọ, ìwọ náà á jẹun ọmọ pẹ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, àti ọmọ ìyá rẹ bí o bá ṣì gbà bẹ́ẹ̀,
Afọlábí Ajíbádé.

Mo tún rántí: Láàárọ̀ yìí mo fa irin ẹ̀yìn rédíò náà yọ, mo sì gbọ́ ìkéde ìdúpẹ́ yín láti Adó. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọ, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Ògòtún, àní ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn awakọ̀. Mo jókòó gbọ́ ọ títí dé òpin. Orúkọ mi kò sí níbẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.