Ìkúnlẹ̀ Tí N Ò Lè Yà

Màámi, ẹ kú ilé o, ẹ kú àárò wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín láti Mòwé níbí. Fúnmi àbúrò mi, mo kí ọ náà. Ìwọ lo máa ka lẹ́tà yìí sí wọn létí, rọra kà á, má fo ibì kankan.

Òjò ò jẹ́ ká rímú mí. Ọ̀nà àdúgbò wa ti di odò, iná kì í sì í dúró tí mo bá ti jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń gbé pátákó ìsọ̀ wá kí n fi ọ̀dà kọ ọ́ mọ́, ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ ẹ́ fún wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán tó ń rìn. Èèyàn á ya ẹnì kan, á tún un yà, á sún ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, á tún un yà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí. Tí kọ̀ǹpútà bá wá ń fi wọ́n hàn tẹ̀léra kíákíá, onítọ̀hún á máa rìn. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ojú ń ta mí, n ò sì rẹ́ni bá sọ̀rọ̀.

Obìnrin kan tó ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ní Ìbafò ló gbé iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún mi: ọmọbìnrin kékeré tó ń kúnlẹ̀ kí olùkọ́ rẹ̀. Mo rò pé eré ni. Nígbà tí mo fi hàn án, ó ní ṣé ọmọ náà dákú ni. Mo tún un yà títí, ó ṣì ń ṣubú. Àwọn ọmọ ibí ò kúnlẹ̀ délẹ̀ mọ́, wọ́n á kàn tẹ orúnkún díẹ̀, wọ́n á sáré kọjá. Mo bẹ ọmọ ará ilé wa kan pé kó kúnlẹ̀ kí n wò ó, ni ìyá rẹ̀ bá bínú jáde, ó ní irú ọkùnrin wo ló ń ní kí ọmọ ọlọ́mọ máa kúnlẹ̀ fún òun. Ojú tì mí gan-an.

Mo wá pe Fúnmi. Mo ní kó yọ́ ya fídíò yín tí ẹ bá ń kí àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀ tó yín. N ò ní kó sọ fún yín. Ọmọ wo ló máa ní kí ìyá òun kúnlẹ̀? Àṣé ṣe ló kàn sọ fún yín pé mo ní kí ẹ kúnlẹ̀. Ẹ ò bi í ní nǹkan kan. Ẹ rò pé nǹkan ti bà jẹ́ fún mi, ẹ kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ẹ fi ọmú tí mo mu bẹ Ọlọ́run, ẹ sì ń sunkún.

Mo gbé fídíò tí Fúnmi yà ránṣẹ́ sí mi sórí kọ̀ǹpútà, mo ń wò ó díẹ̀díẹ̀ bí iṣẹ́ yìí ṣe gbà. Bí ẹ ṣe lọ sílẹ̀ dára, mo lè yà á. Dídìde yín ni n ò lè wò. Ẹ di àga mú, ojú yín fún pọ̀, ẹnu yín là, ẹ ò ké. Lójú Fúnmi, kíá ló kọjá. Lójú tèmi, bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ síwájú, kò tán. Bẹ́ẹ̀ gbogbo ìgbà tí mo bá pè yín, ẹ máa ń ní orúnkún yín ti san.

Mo ti dá iṣẹ́ náà padà fún obìnrin náà. N ò mọ ohun tí mo tún fẹ́ kọ́ láyé mi. Ó sú mi, Màámi.

Ẹ bá mi kí Bàbá Kékeré àti gbogbo ará ilé. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ. Ẹ má ṣíwọ́ àdúrà lórí mi o, mo nílò rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa jókòó gbà á.

Èmi ni, ọmọ yín,
Dàpọ̀