Àdúrà Tí N Kò Lè Dá Dúró

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ọjà, ẹ kú ìrójú oòrùn. Èmi Ràfíátù, Àṣàkẹ́ yín, ni mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà kí n tó mú bírò. Kí ẹ tó ka ìwé yìí síwájú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ọmọ máa kọ̀wé sí ìyá lẹ́yìn bàbá, nígbà tí àwọn méjèèjì jọ ń gbé abẹ́ òrùlé kan. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé n kì í ṣe aláfojúdi. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá pè yín, Bàbá ló máa ń gba fóònù. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kí ó máa sọ̀rọ̀ sókè, wọ́n á sì pe àwọn ará ilé pé kí wọ́n wá gbọ́ ohùn olùdarí fíìmù. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò ṣeé sọ lójú èrò.

Mo kí Ẹ̀gbọ́n Sùlé àti ìyàwó wọn. Mo kí Ìyá Àgbà, mo nírètí pé orúnkún wọn ti fúyẹ́. Mo kí àwọn àbúrò mi. Bàbá nìkan ni ẹ má ì tíì bá mi kí. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ bí ẹ bá ń kà á lọ.

Ara mi le. Ohun tí mo ń bá jà ní Èkó yìí ni òjò. Òjò ilé wa ní Ijio á ṣú, á fẹ́ atẹ́gùn, á rọ̀, á dá, ilẹ̀ á sì mu ún. Òjò ibí kò mọ ilé rẹ̀ lọ. Aṣọ tí mo bá fọ̀ ní Sátidé, títí di ọjọ́ Ajé abẹ́ apá rẹ̀ á ṣì tutù. Ojú ọ̀run sún mọ́lẹ̀ bí àjà yàrá, ilé sì dí gbogbo ibi tí ojú ìbá dé. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé. Nígbà mìíràn mo máa ń di ojú, kí n lè rí ẹ̀yìn ilé wa lásìkò ọyẹ́, nígbà tí eruku bá bo oòrùn tí ó pupa, tí èèyàn lè wò ó tààrà láì ṣẹ́jú.

Ngozi, ọmọ Ẹnúgù tí a jọ ń gbé yàrá, ṣe dáadáa sí mi, ṣùgbọ́n kì í fi yẹ̀yẹ́ mọ níwọ̀n. Ó ní èmi nìkan ni òun mọ̀ tí ilẹ̀kùn á há, tí yóò kọ́kọ́ bẹ ilẹ̀kùn kí ó tó tì í. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí òun gan-an ni ìṣòro mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, gbogbo ọmọ ọdún kìíní ló ń kọ́ ohun gbogbo pọ̀. Bí a bá fẹ́ wọ ọdún kejì, kálukú gbọ́dọ̀ yan ọ̀nà kan. Ẹni tó bá yan ìdarí ni yóò máa sọ ohun tí àwọn òṣèré máa ṣe àti ibi tí wọ́n máa dúró. Òun ló ń sọ pé kí eré bẹ̀rẹ̀, òun náà ló ń pariwo "kọ́ọ̀tì" nígbà tí ó bá tó, tí gbogbo nǹkan á sì dúró. Ẹni tó bá yan kámẹ́rà ni yóò máa wá ìmọ́lẹ̀, tí yóò máa yan ibi tí ojú òǹwòran máa wò.

Bàbá ti yan fún mi. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún àwọn ará mọ́sáláṣí pé ọmọ àwọn ni yóò máa pàṣẹ fún àwọn tí wọ́n ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí mo dárúkọ kámẹ́rà, wọ́n ní àwọn mọ àwọn onífótò dáadáa, pé bí wọ́n bá wá síbi ìkómọ, ìgbà tí àwọn ọmọdé bá jẹun tán ni wọ́n ń rántí wọn. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ni ọkàn mi fẹ́, Ìyá mi, ó ti pẹ́. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé n kò gba ìfẹ́ náà gbọ́. Ẹ rántí pé nígbà tí mo wà ní kékeré, bí àlejò bá wọlé, ẹ̀yìn yín ni wọ́n ti ń wá mi. Mo ń bi ara mi bóyá kámẹ́rà náà ni ẹ̀yìn ìyá tuntun tí mo rí sá sí. Kò sẹ́ni tó ń wo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ojo ló ń yan iṣẹ́ fún mi, Bàbá ló gba ìdáláre.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn tí ilé ẹ̀kọ́ fi kó wa lọ sí Òkèhò lásìkò ọyẹ́ tó kọjá láti ya eré kékeré kan. Ẹ má bínú pé mo dé Òkèhò láì dé Ijio. Ọkọ̀ kan ló gbé gbogbo wa, kò sì sí àyè pé kí ẹnì kan yà sílé. Nígbà tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn kàn mí lójú, ó ṣe mí bíi pé kí n sọ̀ kalẹ̀ kí n máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀.

Eré náà kò gùn. Bàbá kan fẹ́ dágbére fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn. Yóò gbàdúrà díẹ̀ fún un lábẹ́ igi máńgòrò, ọmọ náà yóò dìde, yóò sì máa lọ nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Olùkọ́ wa obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ní kí èmi darí rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, kí Túndé darí eré kan náà lọ́jọ́ kejì, kí a lè fi wé ara wọn. Kẹ́mi, ọmọ kíláàsì wa, ló ṣe ọmọ. Ẹni tó ṣe bàbá kì í ṣe òṣèré. Àgbẹ̀ kan ni wọ́n ní àdúgbò náà, Bàbá Látí, irùngbọ̀n funfun, ẹ̀rín kò jìnnà sí wọn.

Lọ́jọ́ tèmi, Ngozi wà nídìí kámẹ́rà, Ṣeun di makirofóònù mú. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ Bàbá Látí pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tẹ́wọ́. Wọ́n ní ọmọ yìí kò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Mo gbàgbé pé eré ni, mo tẹrí ba, mo ní àmín. Wọ́n ní ibi tó ń lọ, ẹni ire ni yóò pàdé. Àmín. Ó yẹ kí n dá a dúró níbẹ̀. Mo la ẹnu, àmín ló tún jáde. Ìyá mi, ta ló bí mi tí n ó fi gé àdúrà mọ́ àgbàlagbà lẹ́nu? Wọ́n kúrò lórí ọmọ inú eré, wọ́n bọ́ sórí àwa náà. Wọ́n ní ẹni tó ni ẹ̀rọ yìí kò ní tà á fi tọ́jú àìsàn. Wọ́n gbàdúrà fún awakọ̀ wa, wọ́n gbà á fún àwọn òbí tó bí wa, wọ́n gbà á fún òjò ọdún tó ń bọ̀. Ohùn Ṣeun, tí kì í tilẹ̀ lọ mọ́sáláṣí, ló ròkè jù nínú àmín náà, makirofóònù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa parí, oòrùn ti wọ̀. Kò sí ìmọ́lẹ̀ tí ọmọ náà lè fi lọ mọ́.

Ngozi bi mí ohun tó dé tí n kò sọ pé kọ́ọ̀tì. Mo ní a kì í já lu àdúrà àgbà. Ó ní bí ilé bá wá ń jó lọ́wọ́ àdúrà ńkọ́, ṣé a ó jókòó de àmín ni. Ṣeun dá a lóhùn pé rárá, a ó máa sá lọ, a ó sì máa ṣàmín. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àǹtí kò rẹ́rìn-ín, wọn kò sì bú mi. Wọ́n kàn ní ẹni tí kò lè ní kí nǹkan dúró kì í ṣe olùdarí. Ọ̀rọ̀ náà bá mi wọ yàrá.

Lọ́jọ́ kejì, kámẹ́rà kàn mí. Túndé, ọmọ Èkó tí kì í tijú ẹnikẹ́ni, ti sọ fún Bàbá Látí ṣáájú pé kí wọ́n jẹ́ kí ó ṣe ṣókí. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, kò pẹ́ tí àdúrà náà tún gbòòrò, Túndé sì pariwo "kọ́ọ̀tì" sí àárín rẹ̀. Ọwọ́ Bàbá Látí wà ní títẹ́ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọn kò fi pa ojú bí a ti ń ṣe níparí àdúrà. Wọ́n mú fìlà wọn, wọ́n ní àwọn kò bínú, ṣùgbọ́n àdúrà tí a kò pa dé dà bí ilé tí a ṣí sílẹ̀ tí a sì bá tiwa lọ. Wọ́n ní àwọn kò lè ṣí òmíràn lé e lórí. Túndé dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní kí ó dìde, kí eruku má ba aṣọ rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń wá bàtà wọn.

Ohun tí n kò rí lọ́jọ́ kìíní, nítorí pé mo tẹrí ba, mo rí i nínú kámẹ́rà lọ́jọ́ yẹn. Bí Bàbá Látí bá ti gba àdúrà kan tán, wọ́n á wo ojú Kẹ́mi. Wọ́n á gba òmíràn, wọ́n á tún wò ó. Kẹ́mi kàn kúnlẹ̀ bí ère ni, nítorí pé a kò kọ ọ̀rọ̀ kankan fún un. Ó yé mi lójijì. Nílé wa, bí Bàbá bá ń ṣàdúrà fún wa, àwa tí wọ́n ń ṣe é fún náà ni a ń bá wọn pa á dé. Bí ó bá ti kún wa nínú, a ó ṣàmín, a ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú, a ó ní ẹ ṣé Bàbá. Àwọn náà á sì pa ojú. Ìdáhùn ni Bàbá Látí ń dúró dè látọjọ́ kìíní, kò sí ẹni tó fún wọn.

Mo fi kámẹ́rà sílẹ̀, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn. Mo ní àwa la jẹ̀bi, àwa la kò bá wọn pa á dé. Mo ní kí wọ́n dákun, kí wọ́n jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, a ó pa á dé bó ṣe yẹ. Wọ́n wò mí, wọ́n bèèrè ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Mo ní ọmọ Ijio ni mí. Wọ́n ní abájọ, pé ará Ijio á máa sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ títí yóò fi gba ohun tó fẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Wọ́n bọ́ bàtà. Mo sọ fún Kẹ́mi pé bí àdúrà náà bá ti tó o, kí ó dáhùn, kí ó pa ojú, kí ó dúpẹ́, kí ó dìde. Mo padà sídìí kámẹ́rà.

Wọ́n gbàdúrà. Kẹ́mi ṣàmín, ó pa ojú, ó dìde. Bàbá Látí náà pa ojú tiwọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò tètè kúrò. Ó dúró níbi irùngbọ̀n, bíi pé wọ́n gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì ń wo ọmọ náà bó ṣe ń lọ nínú oòrùn pupa wa yẹn. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é, mo fi kámẹ́rà sílẹ̀ lórí ọwọ́ náà. Ó pẹ́ kí Túndé tó rántí sọ pé kọ́ọ̀tì.

Nígbà tí a ń kó ẹrù, Àǹtí pè mí sẹ́yìn. Wọ́n ní ohun tí mo ṣe yẹn, iṣẹ́ olùdarí ni, pé bí mo bá gbà, àwọn á fi mí sí ọ̀nà ìdarí. Ìyá mi, ó yẹ kí n fò sókè. Mo ti ní ohun tí Bàbá fẹ́ lọ́wọ́. Mo ti mọ̀ pé n kì í ṣe ojo tó bí mo ṣe rò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí mo rò pé ó ń lé mi lọ sídìí kámẹ́rà ti lọ, ìfẹ́ kámẹ́rà kò bá a lọ. Bí mo bá rántí ọjọ́ yẹn, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ ni mo ń rí. Ọwọ́ àgbàlagbà yẹn ni mo ń rí. Mo sọ fún Àǹtí pé kámẹ́rà ni mo yàn. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní ó dáa.

Ẹ má da ara yín láàmú nípa ohun tí n ó jẹ. Mo ti ń bá ẹnì kan gbé kámẹ́rà níbi ìgbéyàwó ní ìparí ọ̀sẹ̀, èyí tí ó ń fún mi sì tó oúnjẹ mi. Òótọ́ ni Bàbá sọ o, ìkẹyìn ni wọ́n ń fún wa lóúnjẹ. Ṣùgbọ́n ẹran ló máa ń ṣẹ́kù.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín. Ẹ má sọ fún Bàbá. N kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, n kò sì fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù níbi tí n kò ti ní rí ojú wọn. N ó wá sílé fún Iléyá. Ẹ mọ̀ pé wọn kì í bi arìnrìn-àjò ní ohunkóhun kí wọ́n tó gbàdúrà fún un. N ó kúnlẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì máa wo ojú mi bó ṣe máa ń rí. Lọ́jọ́ yẹn, n kò ní tètè pa ojú. N ó jẹ́ kí ó kún dáadáa. Bí mo bá wá pa ojú, tí àwọn náà bá pa ojú, kí ọwọ́ wọn tó kúrò níbi irùngbọ̀n ni n ó sọ ọ́ fún wọn.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa. Ọjà yín kò ní kùtà, ẹsẹ̀ yín kò ní kọ lọ́nà ọjà ẹnubodè, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn ará ilé kejì, ẹ fọwọ́ kan Ìyá Àgbà lórúnkún fún mi.

Awakọ̀ tó ń kó iṣu wá sí Èkó ni mo fi ìwé yìí rán, mo fi ẹja gbígbẹ díẹ̀ tì í. Bí ẹ bá ti kà á tán, ẹ fi dáná. Bí Bàbá bá bèèrè ohun tí Ràfíátù fi ránṣẹ́, ẹ fi ẹja hàn wọ́n.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràfíátù Àṣàkẹ́