Àdúrà Tí Mò Ń Gbà Sórí Ẹsẹ̀ Ọkọ Ọmọ Mi

Láràárọ̀ ni mò ń gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀ ọkọ ọmọ mi, tí mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ kí ó gun kẹ̀kẹ́ mọ́ láyé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe àmín sí i, torí kò gbọ́ Yorùbá... Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa wà lórí page yìí. Ẹ̀yin tó kù, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Thamesmead East ní London ni mò ń gbé, care work ni mò ń ṣe, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí. Bàbá rẹ̀ kú nínú jàǹbá ọkọ̀ lọ́nà Ọ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré. Inú ọkọ̀ kan náà ni èmi náà wà. Wọ́n rí èmi fà jáde, wọn ò rí òun fà jáde... Títí dòní, tí bọ́ọ̀sì bá sáré díẹ̀ lórí Harrow Manorway, màá tẹ bẹ́ẹ̀lì, màá sọ̀ kalẹ̀, màá fẹsẹ̀ rìn délé. Àwọn aládùúgbò rò pé exercise ni mò ń ṣe.

Nígbà tí ọmọ mi mú ọkọ wálé, ọmọ Switzerland ni. Ọmọ mi ní eré ìdárayá ni iṣẹ́ ọkọ òun. Mo rò pé bọ́ọ̀lù ni. Ó ní rárá o, kẹ̀kẹ́ ni. Mo ní kẹ̀kẹ́ báwo? Ó ní iṣẹ́ gidi ni, pé láti kékeré ló ti ń bá wọn díje káàkiri Yúróòpù. Mo bi í pé ṣé ó máa ń gba ipò kìíní. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mummy, that's not his job." Ó ní ọ̀gá kan wà nínú team wọn, pé iwájú ọ̀gá yẹn ni ọkọ òun máa ń wà kí atẹ́gùn má baà dà á láàmú, òun náà ló sì máa ń padà sẹ́yìn lọ gbé ike omi wá fún àwọn yòókù. Ojú tì mí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ pé báńkì ló ń bá ṣiṣẹ́. Switzerland, ta ni kò ní gbà á gbọ́? Nígbà tí òótọ́ padà jáde, Mummy kan wò mí nínú sùtánà mi, ó ní, "Ṣé kò tíì ra mọ́tò ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n ni ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ńlá kan, aṣọ fẹ́lẹ́ ló wà lára wọn, eré tí mọ́tò ń sá ni wọ́n ń sá. Ọmọ mi jókòó tì mí, ó ń pàtẹ́wọ́... oyún sì wà nínú rẹ̀. Mo rí ara mi nínú rẹ̀. Mo lọ gbààwẹ̀, mo tan àbẹ́là, mo ní kí Ọlọ́run sọ ọmọkùnrin yìí kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ yẹn. Mo ní, "Bí O bá ṣe fẹ́ ṣe é, ṣáà ṣe é." Ẹnu ara mi ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló ṣubú nínú ìdíje, tí àwọn mìíràn wó lé e lórí, tí egungun itan rẹ̀ ṣẹ́.

Ilé mi ni òun àti ọmọ mi kó wá, torí kò lè gun àtẹ̀gùn ilé tiwọn. Pálọ̀ mi ló ń gbé báyìí, ó ń wo adágún omi Southmere láti ojú fèrèsé. Contract rẹ̀ ń parí lọ, team náà ní àwọn máa dúró gbọ́ ohun tí dókítà bá sọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí kò bá yá, ó parí nìyẹn. Ọmọ dáadáa ni o. Ó fi crutch ti ara, ó ń fọ abọ́ fún mi. Ó ń kí mi "Ẹ káàárọ̀, Mummy", á fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ẹsẹ̀ ò ní gbà. Tó bá rò pé mo wà ní kíṣìnnì, ó máa ń sunkún.

Òun ló ní kí n máa gbàdúrà sí ẹsẹ̀ náà kí ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fẹ́ gba àdúrà tó bẹ̀bẹ̀ fún, mo fi Ọlọ́run búra fún yín. Mo la ẹnu, ohun tó wà lọ́kàn mi ló jáde. "Olúwa, jẹ́ kó rìn, jẹ́ kó gbé ọmọ rẹ̀ jó, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹsẹ̀ yìí gun kẹ̀kẹ́ mọ́." Ó ní, "Àmín!" Ó tún dì mọ́ mi. Láti ìgbà náà, ó di ìgbà tí ọmọ mi bá ti jáde lọ sí ibi iṣẹ́ ní Woolwich kí n tó gbà á, torí òun á gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Dókítà ní egungun náà ò so bó ṣe yẹ, ìdí rẹ̀ kò sì yé òun. Ṣé èmi ni? Ṣé àdúrà mi ni? Àbí egungun kàn ń ṣe ti egungun?

Ó wá sọ fún mi lánàá pé gbogbo ayé ti pa òun tì, pé èmi nìkan ló ṣì gbà pé òun á padà. Ó ní kí n sọ àdúrà náà díẹ̀díẹ̀ sínú fóònù òun, òun fẹ́ há a sórí kí òun lè máa gbà á fúnra òun lójú ọ̀nà, pé ìyàwó òun á bá òun tún pípè rẹ̀ ṣe. Mo ní ohùn mi ti ha. Mo ní kó di ọ̀la.

Ọ̀la náà ti dé. Bí mo bá gba àdúrà mìíràn sínú rẹ̀, èmi ni mo fi ẹnu ara mi rán an padà sórí òkè yẹn, ọmọ mi sì lè di opó bíi tèmi. Bí mo bá jẹ́wọ́, ṣé ọmọ mi á tún pè mí ní ìyá? Ṣé á jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọmọ tó fẹ́ bí? Ẹ̀yin ìyá ìyàwó, ẹ̀yin àgbà nínú àdúrà, ẹ dákun, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti gbé fóònù náà sórí tábìlì, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti di ojú, ó ń dúró dè mí. Kí ni kí n sọ?